Orúkọ Tó Wà Lókè

"Kí lo fi sí i? Nàfísàt, mo ní kí lo fi sínú àgbo tó o fún àbúrò mi mu?"

Àwẹ̀ní ti di apá ìyàwó àbúrò rẹ̀ mú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Àwọn tó jókòó sórí àga gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbójú sókè. Nàfísàt kò jà. Ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ bọ́ sí èjìká, bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀; ó jọ pé èkejì ti já bọ́ sọ́nà nígbà tí wọ́n ń gbé ọkọ rẹ̀ bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ewé lásán ni. Ọ̀dọ̀ Tàǹtí Oyin ni mo ti rà á. Bí wọ́n ṣe ní kí n sè é náà ni mo ṣe sè é."

Oyin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ nígbà náà ni. Ẹnì kan ló sáré wá bá a ní ìsọ̀ rẹ̀ nínú ọjà Atakpamé, tó sọ fún un pé Mùhyídéènì tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù ti ṣubú lulẹ̀, pé wọ́n ń pè é, kò dáhùn, pé àgbo ibà tó mu láàárọ̀ ni wọ́n ń fẹ̀sùn kàn. Oyin kò tilẹ̀ bo ọjà rẹ̀ kó tó gun zémíjàn, alùpùpù akérò tó kọ́kọ́ kọjá lójú rẹ̀.

Bí Àwẹ̀ní ṣe rí i, ó fi apá Nàfísàt sílẹ̀.

"Oyin, ó dáa bó o ṣe wá. Ìwọ fúnra rẹ sọ ọ́. Kí lo tà fún obìnrin yìí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Oyin rí àwọn aláìsàn tó ń nara wọn sókè kí wọ́n lè gbọ́. Ó rántí pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọjà tí kò mọ ìyá òun, ìyẹn Àpọ̀kẹ́ tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Eléwé, àti pé orúkọ yẹn ni òun ń jẹun lé lórí.

"Ewé ahùn ni," ó wí. "Ewé ahùn fún ibà. Láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi ni ìyá mi ti ń tà á. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan rí."

"Ẹ gbọ́ o!" Àwẹ̀ní pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ewé kò ṣe nǹkan kan. Ọwọ́ tó sè é ni ká bi."

Nàfísàt kò wo Àwẹ̀ní. Oyin ló ń wò, ó sì wò ó pẹ́, bíi pé ó ń dúró kó fi ọ̀rọ̀ kan kún un.  Oyin ní òun fẹ́ lọ wo ìyá òun tí òun fi sílẹ̀ lóun nìkan, ó sì jáde.

*

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni Oyin ti padà sí Atakpamé. Notsé ló wà tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń ránṣọ, kí wọ́n tó pè é ní ọjọ́ kan pé wọ́n bá ìyá rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló dà á dùbúlẹ̀. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ìró kan ṣoṣo ló kù tó lè mú jáde, "hẹn", èyí tó máa ń wí fún oúnjẹ, fún omi, fún ìbínú, fún ohun gbogbo.

Oyin kò mọ ewé. Nígbà tó wà ní kékeré, ilé ìwé ni wọ́n ní kó kọjú sí. Ó bá àpò ewé mọ́kànlá nínú yàrá ẹ̀yìn, àwọn oníbàárà sì ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ó kọ́kọ́ ń gbé ewé wá síwájú ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni ìyá ń fi "hẹn" dáhùn, omi á sì máa ṣàn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Oyin sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọpọlọ ìyá òun ti lọ. Kò bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Kò tún fẹ́ kí àwọn èèyàn máa wá wò ó, nítorí itọ́ tó máa ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lọ́jà, á ní, "Ara ń yá díẹ̀díẹ̀."

Fóònù rẹ̀ ló gba ipò ìyá rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé fóònù lè dá ewé mọ̀. Ó ṣèèṣì bá a pàdé ni. Ó ya àwòrán òdòdó kan lójúde, ó rí i tí àmì kékeré kan bíi ewé yọ sábẹ́ àwòrán náà, ó tẹ̀ ẹ́, fóònù sì kọ orúkọ òdòdó náà ní èdè Faransé, pẹ̀lú àwòrán àwọn mìíràn tó jọ ọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ya gbogbo ohun tó bá hù.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé gbígbẹ inú àpò bẹ̀rẹ̀ sí í di ìyẹ̀fun. Kòkòrò pupa rúsúrúsú kan tí kò tóbi ju kóró ata lọ ló ń jẹ ẹ́. Oyin ya ọ̀kan lórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Fóònù sọ orúkọ rẹ̀, ó ní tábà àti ewé gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀; Oyin sì ka níwájú pé oòrùn líle ń pa á. Ó sá gbogbo ewé náà sórí pépà fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, àwọn kòkòrò náà sì kú. Àpò mẹ́sàn-án ló gbà là. Lẹ́yìn ìyẹn, bí fóònù bá ti sọ nǹkan, Oyin kì í tún un wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ahùn tán nínú àpò. Ó lọ sí oko ìdílé wọn ní Akparé. Ó rí igi kékeré kan lẹ́bàá odò, tí ewé rẹ̀ yí ọ̀pá rẹ̀ ká bí ewé ahùn ṣe máa ń ṣe, tí oje funfun ń jáde lára rẹ̀. Ó yà á. Orúkọ mẹ́ta ló jáde. Èyí tó wà lókè ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe ahùn; Oyin ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó fi fóònù sápò, ó sì já ewé kún agbọ̀n.

*

Nígbà tó délé, ìyá rẹ̀ wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ lórí itan. Oyin ti yà sí ìsọ̀ lọ bo ọjà rẹ̀ kó tó máa bọ̀ nílé, ó sì mú ìdì kan lára ewé náà dání. Kò mọ ìdí tó fi mú un. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ewé ahùn pa èèyàn lára. Mùhyídéènì wà nílé ìwòsàn. Kò lajú." Ó tú ìdì ewé náà, ó sì gbé ewé kan lé ìyá lọ́wọ́ òsì. Bíi kó kàn fi hàn án lásán ni. Kò retí ìdáhùn.

Àpọ̀kẹ́ gbé ewé náà súnmọ́ imú. Ó fi eyín gé etí rẹ̀ já. Lójú ẹsẹ̀ ni ó tu ú dànù, ó tún tu itọ́ tẹ̀lé e, ó sì fi ọwọ́ òsì gbá ìdì ewé náà kúrò lẹ́sẹ̀ Oyin, tó fi tú káàkiri ilẹ̀.

"Hẹn!" ó wí. "Hẹn! Hẹn!"

"Ìyá, kì í ṣe ahùn ni?"

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó mì í síhìn-ín, ó mì í sọ́hùn-ún, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa ṣì í gbọ́. Lẹ́yìn náà ó na ìka sí inú ilé, sí yàrá ẹ̀yìn. Oyin wọlé, ó gbé àwọn àpò jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá sì ń mi orí sí wọn, títí ó fi gbé àpò kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ pátápátá dé. Ìyá ní "hẹn", ó sì dákẹ́. Oyin tú àpò náà. Ewé tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ rárá sí èyí tó tú sílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n okùn pupa ni ìyá fi so ó. Oyin kò bi í rí ohun tí okùn pupa dúró fún.

Ó yọ fóònù.  Ó wá àwòrán ọjọ́ tó lọ sí Akparé, ó tẹ àmì kékeré náà. Orúkọ mẹ́ta náà jáde bí wọ́n ṣe jáde lọ́jọ́sí, gbólóhùn kan sì wà lórí wọn tí kò kà nígbà yẹn: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí. Ó tẹ orúkọ kejì. Igi kan tó so èso pupa wẹ́wẹ́ ló yọ. Ó padà sí àwòrán tí òun fúnra rẹ̀ yà, ó fi ìka méjì fà á tóbi. Ní igun òsì lókè, èso pupa wẹ́wẹ́ náà wà níbẹ̀.

Asofẹ́yẹjẹ. Kódà òun tí kò mọ ewé ti gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ó mọ̀ pé ìyá òun kì í tà á fún ẹnikẹ́ni lọ́jà. Àwọn tí orí wọn dàrú nìkan ló ń lò ó fún, ìwọ̀nba díẹ̀, lójú ara rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Oyin rí i pé ojú tó ń wo òun yìí kì í ṣe ojú ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti lọ, àti pé kò fìgbà kankan jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ń sọ níbẹ̀ pé ìyàwó rẹ̀ ló fi nǹkan sí i. Èmi ni mo mú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Àpọ̀kẹ́ gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì na án sí ẹnu ọ̀nà.

*

Nàfísàt ti jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ sí. Àwẹ̀ní àti ọkùnrin méjì nínú ẹbí dúró lójú ọ̀nà. Wọn ò jẹ́ kó wọlé. Dókítà tó ń tọ́jú ọkùnrin náà, obìnrin ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bérénice, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bọ̀.

Oyin kò kí ẹnikẹ́ni. Ó na ewé sí dókítà náà, ó sì sọ ọ́ ní Faransé kí ó má baà nílò ẹni tó máa túmọ̀: pé ewé tí òun tà nìyí, pé òun pè é ní ahùn, pé kì í ṣe ahùn. Ó fi orúkọ kejì hàn án lórí fóònù.

Dókítà gba fóònù náà, ó kà á, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ tó báyìí, tí ọkàn rẹ̀ sì ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ibà ni a rò pé ó gun orí. Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n."

Dókítà pe nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Grâce, ó bá a sọ̀rọ̀ kíákíá, ìyẹn sì sáré lọ. Àwẹ̀ní kò gbọ́ gbogbo Faransé náà, ṣùgbọ́n ó ti rí ewé, ó sì ti rí ojú Oyin.

"Kí lo sọ fún un?"

Oyin yíjú sí i. Ó tún un sọ ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́, ó sì sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lórí àga gbọọrọ lè gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ti àkọ́kọ́.

"Ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ní, ewé burúkú ni mo tà fún Nàfísàt. Mo ní ahùn ni, kì í ṣe ahùn. Kò fi nǹkan kan sí i. Bí mo ṣe ní kó sè é ló ṣe sè é. Èmi ni mo ṣe é."

Àwẹ̀ní gbá a létí. Kò sẹ́ni tó dí i lọ́wọ́, Oyin pàápàá kò gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà kúrò lójú ilẹ̀kùn, Nàfísàt sì dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ Oyin kọjá, kò wò ó, ó wọlé tọ ọkọ rẹ̀ lọ.

"Màdáàmù," dókítà wí, "ta ló tún rà nínú rẹ̀?"

Oyin pa ojú dé láti rántí. Ìdì méje ló dì. Mẹ́ta ṣì kù ní ìsọ̀; ọ̀kan mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Nàfísàt ra ọ̀kan. Léon tó ń ṣe bùrẹ́dì ra ọ̀kan. Ẹni tó kù jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tó ní òun fẹ́ tètè wọ ọkọ̀, òun ń padà sí Glei. Kò mọ orúkọ rẹ̀.

*

Ó bá Léon lẹ́nu ààrò. Ìyàwó rẹ̀ ti bu ewé náà sínú ìkòkò, ṣùgbọ́n kò tíì dáná sí i. Oyin dúró títí wọ́n fi dà á sínú ihò ìdọ̀tí, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí gáréèjì.

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ Glei gbéra. Ọkọ̀ náà kún, oníkálukú fi èjìká ti ara wọn. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí fóònù rẹ̀ fi dún. Nàfísàt ni.

"Ó ti lajú," Nàfísàt wí. "Ó béèrè omi."

"Alihamudulilahi," Oyin wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹlẹ́sìn wọn. "Nàfísàt, jọ̀ọ́..."

Ṣùgbọ́n Nàfísàt ti pa á. Oyin fi ojú sí fèrèsé, kí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má baà rí omi lójú rẹ̀.

Ní Glei, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan títì, ó ń béèrè láti àtẹ dé àtẹ: màmá kan tó ga, tó ń tiro díẹ̀, tó lọ sí ọjà Atakpamé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni kẹfà ló na ọwọ́ sí àtẹ èédú kan. "Ìyá Yínká nìyẹn."

Obìnrin náà ń kó èédú sínú ike. Ó gbójú sókè, ó sì dá a mọ̀.

"Ọmọ Ìyá Eléwé! Káàbọ̀. Ṣé ara ìyá ti le?"

"Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Ìyá. Ewé ahùn tí ẹ rà lọ́wọ́ mi ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti lò ó?"

Ìyá Yínká nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó wọ ẹ̀yìn àtẹ lọ, ó sì mú ìdì ewé náà jáde. Okùn tí Oyin fi so ó ti tú.

"N kò lò ó. Kì í ṣe ahùn."

"Ẹ mọ̀?"

"Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Atakpamé ni mo ti mọ̀. Mo tú u, mo gbóòórùn rẹ̀. Asofẹ́yẹjẹ ni."

 Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan kọjá lórí títì, ilẹ̀ mì.

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò padà wá sọ fún mi?"

Obìnrin náà jókòó. Ó gbé ìdì náà lé itan. "Mo rò pé ìyá rẹ ló já a. Mo ní bóyá ojú rẹ̀ ni kò ríran mọ́, tàbí àìsàn náà ti gba ewé kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìyá rẹ ló fi ewé wo Yínká nígbà tí gbogbo èèyàn ní kò ní yè. Ṣé èmi ni màá wá dúró láàárín ọjà, kí n máa pariwo pé kò mọ ewé mọ́? Mo ní kí n bò ó láṣìírí."

Ọ̀nà ti là fún Oyin. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Glei. Ó lè gba ìdì ewé náà, kó dúpẹ́, kó sì máa lọ, kí àánú ìyá rẹ̀ sì máa ṣe obìnrin yìí títí ayé.

"Kì í ṣe ìyá mi," ó wí. "Ìyá, èmi ni mo já a. Fóònù ni mo bi. Ó sọ orúkọ mẹ́ta fún mi, mo sì mú èyí tó wà lókè, torí òun ni mo fẹ́ gbọ́. Ẹnì kan ti mu ún, díẹ̀ ló kù kó kú. Ìyá mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́sàn-án òní, ó mọ̀ ọ́n. Ohun gbogbo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi ni mi ò bi í. Ojú rẹ̀ ló ń tì mí."

Ìyá Yínká wò ó títí. Kò bá a wí. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àpótí tó jókòó lé, Oyin sì jókòó tì í.

"Báwo lo ṣe máa wá ṣe lọ́la?" obìnrin náà béèrè. "Wọ́n á wá sí ìsọ̀. Àwọn kan á wá ra ewé, àwọn kan á wá bú ẹ."

"Màá gbé ìyá mi lọ sí ìsọ̀."

"Bó ṣe wà yẹn?"

"Bó ṣe wà yẹn. Màá gbé àga rẹ̀ síwájú. Ewé tí kò bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò ní jáde níbẹ̀."

"Wọ́n á máa wò ó o, ọmọ mi."

"Kí wọ́n máa wò ó, Ìyá."

Ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Atakpamé dúró ní iwájú wọn, agbérò ń pe èrò. Oyin dìde, ó gba ìdì ewé náà lọ́wọ́ Ìyá Yínká, ó sì kúnlẹ̀ dúpẹ́ lẹ́bàá títì kó tó wọ ọkọ̀.